Ọrùn Idẹ Dúdú

Ọdẹ́ràntí da mẹ́tàdínlógún sórí tábìlì mi,
ìkarahun ọta tó yìn lánàá lọ́nà Ìlárá.
Ó ní, "Fagbóhùn, wò ó."
Mo wò ó.
Ọrùn wọn dúdú láti ẹnu dé èjìká
bí ìdí ìkòkò àgbo.
Ó ní ìbọn náà ò bú mọ́, ó kàn ń wúkọ́;
ìgalà gbọ́, ó bojú wẹ̀yìn,
ó sì ń jẹko rẹ̀ lọ.

Èmi tí mo ń tún aago ṣe lẹ́yìn Àkàbà Ìdẹ́nà,
tí mo ń fi òṣùwọ̀n wúrà bàbá mi wọn ẹ̀tù fún ọdẹ,
ojú tì mí.
Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló padà wálé láìbọ́jú.

Mo kọ́kọ́ dá ẹ̀tù lẹ́bi.
Mo ní ẹni tó tà á fún mi ló jẹ́ kí ọ̀rinrin mú un.
Mo dà á sínú àwo: ó gbẹ bí iyanrìn ọyẹ́.
Mo wá dá idẹ lẹ́bi.
Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti kì wọ́n,
idẹ tí a ń tẹ̀ tí a ń nà a sì máa gan
bí àgbàlagbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ jù.
Mo yọ́ná sí ọrùn mẹ́ta títí àwọ̀ fi yí,
ìdí wọn nínú omi,
omi Kétu tí a ń forí jìn fún.
Ọdẹ́ràntí lọ yìn wọ́n.
Wọ́n tún dúdú, àmọ́ kò tó ti tẹ́lẹ̀.
Idẹ jẹ̀bi o, kì í ṣe òun nìkan.

Mo jókòó.
Tí iná bá lágbára nínú ìkarahun, idẹ a wú,
a lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ìbọn gbágbá,
èéfín ò ní rí ibi gbà padà.
Tí iná bá ṣàárẹ̀, idẹ ò ní mira,
èéfín a yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn
bí olè tó bá ilẹ̀kùn tí a gbàgbé láti tì.
Ẹni tó bá rí dúdú, àpọ̀jù iná ló máa ń rò.
Àìtó ni.

Àìtó kẹ̀? Èmi tí mo ń wọ̀n ọ́n ní wóró-wóró?
Mo gbé òṣùwọ̀n wá sójú fèrèsé,
mo pa fáànù, mo di èémí mú.
Abọ́ méjèèjì ṣófo,
ó sì tẹ̀ sí apá kan, díẹ̀,
bí ẹni tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ iyàrá kejì.
Mo yí abọ́ ẹ̀tù dà.
Àbẹ́là.
Ẹ̀kán kan ṣoṣo, pẹlẹbẹ bí èékánná ọmọdé.

Òru tí a tẹ́ Tẹrẹ́ẹ̀sì sínú yàrá yìí
kò sí iná mànàmáná.
Àwọn ìyá ìjọ to àbẹ́là sórí tábìlì iṣẹ́ mi,
wọ́n ka rósárì di ìdájí.
Èmi ò sunkún. Àbẹ́là ni mò ń wò.
Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni mo ti padà sídìí iṣẹ́,
mi ò yẹ abọ́ òfìfo wò rí láti ìgbà náà.

Oṣù mẹ́rin,
gbogbo ọta tó jáde lọ́wọ́ mi
ló dín ní ìwọ̀n ẹ̀kán yẹn.

Mo fi abẹ há a kúrò.
Mo tún ẹ̀tù wọ̀n, bí ìwé bàbá mi ṣe kọ ọ́,
mi ò fi wóró kan lé e.
Lọ́jọ́ Ẹtì Ọdẹ́ràntí dé, ó da márùn-ún sílẹ̀:
ọrùn wọn ń dán,
ẹnu nìkan ló ní ìlà dúdú tíńrín, bí tìróò.
"Kí lo ṣe sí i?"
Mo ní òṣùwọ̀n ló ṣẹ̀.
Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ ìgalà kan sẹ́nu ọ̀nà,
ó gun alùpùpù rẹ̀.

Ẹ̀kán àbẹ́là náà wà lójú fèrèsé
nínú ìkarahun dúdú kan tí mi ò fọ̀.
Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa gbé e sí.